Nígbà Tí Àkọ́rọ̀ Òjò Bá Ẹja Inú Ilé Wa

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n ni ó ti rí ẹja nínú agbada, nínú ìkòkò ọbẹ̀ àti lórí àtẹ ní ọjà. Àwọn tí ó ti rí i nínú pálọ̀ kò pọ̀. Ní ilé tiwa, inú pálọ̀ ni ẹja ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí àlejò máa ń jókòó sí, nínú àpótí dígí kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Kì í ṣe ẹja aláràbarà tí a ń kó wá láti òkè òkun. Àrọ̀ méjì ni, àti ẹ̀pìyà mẹ́fà, tí a fi àwọ̀n kékeré mú nínú odò kan tí ó ṣàn wọ inú Odò Ọ̀nà ní ẹ̀bá Ìbàdàn. A wí pé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀ pé ó yẹ kí a fi wáyà pín àpótí náà sí méjì, àrọ̀ ti gbé ẹ̀pìyà méjì mì. Ìyàwó wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. "Bàbá wọn," ni ó máa ń wí, "ẹni tí ó bá wá kí wa yóò rò pé ọbẹ̀ ọ̀la ni a gbé síwájú òun."

Bí ẹja ṣe dé ilé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àbúrò wa obìnrin dákẹ́ lẹ́yìn àìsàn oṣù mẹ́rin, ó sì fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ ara wa. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú wa nígbà àdúrà alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í jáde ní ẹnu rẹ̀ bí kò ṣe "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "Rárá". Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, a mú un lọ sí oko ọ̀rẹ́ wa kan. Omi odò ti ń fà nígbà náà, ó ti fi àwọn adágún kéékèèké sílẹ̀ láàárín koríko, ẹja sì há sínú wọn. Ọmọ náà dúró, ó wò wọ́n títí, ó sì bi wá pé, "Bàbá, ṣé a lè mú wọn lọ sílé, kí omi má baà gbẹ mọ́ wọn lórí?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wá nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹkùn ni ó bèèrè ní ọjọ́ náà, a kò rò pé ẹnu wa ìbá gbà láti wí pé rárá.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára. Ekòló ni a fi ń bọ́ àwọn àrọ̀. Ẹ̀pìyà ń jẹ ewé tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀, àti oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí a ń tà fún àwọn olùsìn ẹja. Ọmọ náà mú ìwé ìkọ̀wé kan, ó fa ìlà sí i, ó sì ń kọ ohun tí ó bá rí sínú rẹ̀ ní alaalẹ́: iye ekòló tí ó tán, èyí tí ó lé èkejì rẹ̀, iye ìgbà tí àrọ̀ gòkè wá gbé afẹ́fẹ́. (Nítorí àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, tí ó fi ń lo afẹ́fẹ́ òde gẹ́gẹ́ bí tiwa. Òun ni kì í fi í tètè kú nínú ọpọ́n àwọn oníṣòwò.) Nígbà tí ó bá kọ ọ́ tán, yóò kà á sí wa létí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ẹnu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹja nìkan ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá, ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí: ètè là, ìbora tí ó ti wà nínú àpótí láti èṣí jáde, eruku sì bo orí tábìlì kí a tó nù ún tán. A kò ronú kan ẹja rárá. Ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn àrọ̀ fi dẹ́kun jíjẹ. Wọ́n na ara wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí, irùngbọ̀n wọn wálẹ̀, wọn kò yí padà. Àwọn ẹ̀pìyà ń kọ́ wọn. Àwọ̀ ara wọn ṣá, wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan, àwọn tí ó ti ń jà lójoojúmọ́ wá dúró bí ará. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé láìkọ nǹkan kan. A bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ó wí pé, "Bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọn kò jẹun mọ́."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà wá gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A pinnu ní ọkàn wa pé ẹja wọ̀nyí kò ní kú ní ojú ọmọ yìí, ohunkóhun tí ì báà gbà. Ìpinnu náà dára, ṣùgbọ́n òye kò sí nínú rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí da oúnjẹ sí i fún wọn, èyí tí wọn kò jẹ ní àárọ̀ a fi ti ọ̀sán kún un, bí ìgbà tí ìyá bá ń fi ipá rọ ọmọ ní ẹ̀kọ. Oúnjẹ rà sí ìsàlẹ̀, omi dọ̀tí, ó sì ń rùn. Nígbà tí a rí i pé omi tutù, a wí nínú ara wa pé òtútù ni àìsàn wọn. A gbé kẹ́túlù kaná, a sì da omi gbígbóná sí apá ibi tí àwọn ẹ̀pìyà wà, kí ara wọn lè yá. Èyí tí ó wà nítòsí jùlọ yí ikùn sókè kí a tó gbé kẹ́túlù kúrò.

Ọmọ náà kò sunkún. Lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn, a dìde, a lọ ṣí ìwé rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ó kọ: "Ọ̀kan kú. Bàbá da omi gbígbóná lé e lórí." A kò rí oorun sùn mọ́ ní òru náà.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí Elẹ́yẹlé, níbi tí a gbé dí Odò Ọ̀nà ní ọdún 1942 láti fún ìlú ní omi mu, nítorí a mọ bàbá arúgbó kan tí ó ti ń fi ọkọ̀ àti àwọ̀n jẹun níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. A ro ẹjọ́ wa fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú orí ọkọ̀ dání.

"Tíṣà," ni ó wí, "ta ni ó sọ fún yín pé kí ẹja máa jẹun yó nínú ọyẹ́? Èmi gan-an, ẹ wò mí, ṣé mo dàbí ẹni tí ó pa ẹja ní oṣù yìí? Ibi tí ó jìn ni wọ́n ń lọ, wọn a sì jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

A wí fún un pé kò sí ẹ̀ẹ̀rùn nínú pálọ̀ wa, omi kì í fà níbẹ̀, àwa ni a ń pọn ọ́n sí i. Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni ẹ mú wọn kúrò nínú odò, Tíṣà. Ẹ kò mú odò kúrò nínú wọn."

Nígbà tí a padà dé ilé, a ra òṣùwọ̀n ìgbóná kan, a sì gbé e kọ́ inú omi. Ní ìdájí, ó fi 20 hàn. Ní oṣù kẹta tí ó tẹ̀lé e, omi kan náà gbóná tó 28 ní ọ̀sán. Ẹja kò ní ooru ti ara rẹ̀ bí àwa. Bí omi bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá tutù, ikùn rẹ̀ a máa lọ oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, àìní rẹ̀ a sì dín kù. Oúnjẹ tí a bá fi ipá kó síwájú rẹ̀ yóò di oró nínú omi tí ó ń mí. Ẹja tí a rò pé ó ń kú, ó ń fi ara pamọ́ ni, títí ìgbà mìíràn. Bí a bá ti mọ èyí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ̀pìyà mẹ́rin ni ìbá kù, kì í ṣe mẹ́ta. A pe ọmọ náà, a fi òṣùwọ̀n hàn án, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí wa. Ó wo òṣùwọ̀n náà títí. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ti àtẹ̀yìnwá, èyí tí yóò máa kọ ìgbóná omi sí.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ rí i. Láti ọdún 1853, nígbà tí a ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko ti London, ni àwọn aláwọ̀ funfun ti ń tẹjú mọ́ ẹja láti ẹ̀yìn dígí. Ní Jámánì, ẹja kan wà tí ó gùn bí ejò kékeré, tí àwọn ará oko máa ń fi sínú ìgò. Bí ìjì bá ń bọ̀, kò ní lè dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní ẹja ojú ọjọ́. Ní Holland, Niko Tinbergen, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, sin ẹja kékeré kan tí ó ní ẹ̀gún mẹ́ta lẹ́yìn, tí a mú láti inú kòtò omi ìlú wọn. Ní ìgbà òtútù ẹja yìí a máa rìn lọ́wọ̀ọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti ń gùn, tí ìgbà ìrúwé dé, akọ rẹ̀ a pọ́n ní ikùn, a kọ́ ìtẹ́, a sì máa gbógun ti ohun pupa gbogbo tí ó bá rí. Wọ́n ní bí ọkọ̀ pupa tí ń kó lẹ́tà bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé, àwọn akọ wọ̀nyí a máa fi orí sọ dígí láti bá a jà.

Ẹja tiwọn ń ka gígùn ọjọ́. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gùn jùlọ àti èyí tí ó kúrú jùlọ nínú ọdún kò tó wákàtí kan, nítorí náà òjò ni ẹja tiwa ń fetí sí ju ohun mìíràn lọ.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún 2023 bá wa ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Láti ọ̀sán ni ara àwọn àrọ̀ kò ti balẹ̀. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́, wọ́n sì ń fi orí ti pátákó tí a fi bo àpótí. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà náà. Ìyàwó wa sá aṣọ sí ìta. Ọmọ náà wí pé, "Màmá, ẹ kó aṣọ wọlé." A rẹ́rìn-ín. Kí ó tó di agogo mẹ́jọ alẹ́, ìjì ti gbé méjì nínú àwọn aṣọ náà lọ sórí òrùlé aládùúgbò wa.

Ohun tí ọmọ náà ṣe lẹ́yìn èyí, kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó gbe omi òjò, ó sì rọra ń dà á sínú àpótí díẹ̀díẹ̀ títí omi fi ga ju bí ó ti wà lọ. Bí a bá wà níbẹ̀ ni, à bá kọ̀ fún un, nítorí ọ̀rọ̀ kẹ́túlù kò tíì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe ohun tí ó tọ́. Omi kànga tí a ń lò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi àpótí ti ń gbẹ tí a sì ń pọn mìíràn sí i, iyọ̀ wọ̀nyí ń pọ̀ sí i ni. Omi òjò kò ní wọn. Bí ó ti rí nínú odò náà nìyẹn: òjò a fọ omi, omi a ga, ariwo a sì sọ lójú rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni Frank Kirschbaum, ọmọ Jámánì, kọ̀wé nípa ẹja kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí ara rẹ̀ ń tú iná mànàmáná díẹ̀. Ó fi hàn pé bí a bá ń dín iyọ̀ inú omi kù, tí a ń mú omi ga, tí a sì ń wọ́n omi sí i lójú bí òjò, ẹja náà yóò gbó ẹyin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni ó wà. Lẹ́yìn náà ó rí irú rẹ̀ pẹ̀lú nínú àwọn ẹja Áfíríkà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ṣe é pẹ̀lú garawa ní Ìbàdàn, láìka ìwé kankan.

Ní àárọ̀, àrọ̀ kan ni ó wà nínú àpótí. Pátákó ti yẹ̀. A wá abẹ́ àga, a wá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ náà kò wá inú ilé rárá, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ó sá lọ, níbi tí omi òjò gbà jáde. Ibẹ̀ ni ó ti bá a, nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ ara lọ, ó ń mí. Láti pálọ̀ ni ó ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó sì kọjú sí ibi tí ilẹ̀ gbé dà sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ àti ewé ni a fọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ náà gbé e mọ́ àyà títí ó fi dé inú omi, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìyàwó wa, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ aṣọ ṣeré, kò wí nǹkan kan.

Àwọn ẹ̀pìyà kò jẹ́ kí a sinmi. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, méjì nínú wọn pọ́n ní àyà bí ẹni tí ó wọ aṣọ òkè. Wọ́n fi ẹnu kó iyanrìn kúrò níwájú òkúta pẹlẹbẹ kan, wọ́n nu òkúta náà mọ́, wọ́n sì lé ẹ̀kẹta títí a fi gbé e lọ sínú ọpọ́n lẹ́yìn ilé. Ẹyin lẹ̀ mọ́ òkúta náà bí ọkà bàbà. Baba dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá ní èkejì, wọ́n ń fi lẹbẹ fẹ́ ẹyin wọn tọ̀sán-tòru. Ọwọ́ wa tí a nà sí dígí, wọ́n kọjú ìjà sí i. Wọ́n pa ọmọ náà ní ọjọ́ kẹta, iye wọn ju èyí tí a lè kà lọ, àwọn òbí sì fi ẹnu kó wọn sínú kòtò tí wọ́n ti gbẹ́. Àlejò tí ó bá wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ní ẹnu ìyàwó wa, ẹni tí ń pè wọ́n ní ọbẹ̀ ọ̀la tẹ́lẹ̀.

Ti àrọ̀ ni ó wá di ìṣòro. Èyí tí ó jáde ní òru òjò jẹ́ abo, nígbà tí ó sì fi di oṣù karùn-ún, ikùn rẹ̀ ti tóbi fún ẹyin. Kò yé e. Olùsìn ẹja kan ní àdúgbò wa ṣàlàyé fún wa pé, bí a bá sé àrọ̀ mọ́lé, ẹyin a máa gbó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fúnra rẹ̀ yé e. Odò tí ó kún, koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ni ó ń retí, òru ni ó sì ń lọ síbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn olùsìn ẹja ṣe ń fún un ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n tó fún ẹyin jáde lára rẹ̀. Ó ní òun yóò bá wa ṣe é láìgba owó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà, tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá fún un ní abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà wí pé ara rẹ̀ yóò fa ẹyin náà mu padà, títí di ọdún mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi ro ọ̀rọ̀ yìí. A kò bá a dá sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà wá, nítorí a mọ ohun tí ẹja yìí jẹ́ fún un, a kò sì mọ bí yóò ti rí bí ilé bá tún ṣófo ní apá ibẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ó wí pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ. Omi ti wà níbẹ̀ báyìí."

A kò jẹ́ dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa da ẹja ilé rẹ̀ sínú odò. Ẹja àjèjì a máa ba odò jẹ́, àrùn a sì máa bá ẹja rìn. Ṣùgbọ́n odò yìí gan-an ni a ti mú àrọ̀ méjèèjì, a kò fi ẹja ibòmíràn kún wọn rí, ara wọn sì le. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, a gbé wọn sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, a sì lọ ní ìrọ̀lẹ́. Adágún tí a ti rí wọn kò sí mọ́. Omi ti bo gbogbo koríko títí dé ẹsẹ̀ igi ọ̀pẹ. Ọmọ náà wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, ó sì rọra dẹ kẹ́ẹ̀gì. Akọ lọ ní kíá. Abo dúró díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń fọwọ́ ba koríko, lẹ́yìn náà a rí i tí koríko ń mì lọ sí iwájú, a kò sì rí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún wa. Ó sọ bí ó ti máa ń ro àmàlà, orin tí ó máa ń kọ bí ó bá ń fọ aṣọ, àti ohun tí ó wí fún un ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, èyí tí a kò gbọ́ rí. A kò dá a lẹ́kun. A gba ọ̀nà tí ó jìn.

Àwọn ẹ̀pìyà ṣì wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ wọn ni ó pọ̀ jù nínú wọn báyìí. Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn kò fi jẹun. Ọmọ náà, tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ìgbóná omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa iná, ó sì lọ sùn.